Ìbéèrè Tó Máa Ń Ṣáájú Oògùn Ibà

Ọmọ-ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni Nivaquine tẹ́ ẹ fi ń wo ibà nígbà yẹn máa ń yún èèyàn lára?" Mo ní kó jókòó.

Lálùpọn ni mo ti kọ́ṣẹ́ kẹ́mísì. Kí ọ̀gá mi tó ṣí ìgò oògùn, á kọ́kọ́ ṣí ìwé ńlá kan tó fi báńdéèjì so, tí orúkọ agbolé kún inú rẹ̀. Á bi oníbàárà pé, "Ṣé kì í yún yín? Ìyá yín ńkọ́? Ìtọ̀ yín ò dúdú rí?" Ẹni tó bá ń yún, ó fi bírò pupa sàmì sí i, ó sì fi Piriton kún oògùn rẹ̀ kí yíyún náà lè rọlẹ̀. Mo rí àgbẹ̀ kan tó fi ẹ̀yìn ha ògiri wa títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Agbolé kan náà ni àmì pupa máa ń tò sí. Ọ̀gá á ní, "Ẹ̀jẹ̀ ni."

Ní ti ìtọ̀ dúdú, ó sọ òótọ́. Ní 1969, Luzzatto àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn kọ ọ́ pé kòkòrò ibà kì í rọ́wọ́ mú nínú ẹ̀jẹ̀ tí èròjà G6PD ò tó. Ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ni primaquine, oògùn ibà mìíràn, máa ń bà jẹ́, tí ìtọ̀ á fi dúdú. Nínú ọkùnrin Yorùbá márùn-ún, ó súnmọ́ ẹnì kan tí G6PD rẹ̀ ò tó. Ní ti ara yíyún tí oògùn ibà ń fà, Sówùnmí, Walker àti Sàlàkọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1989. Àwọn olùwádìí Ifẹ̀ tún rí i pé ara ẹni tó ń yún kì í tètè fọ́ Nivaquine sí wẹ́wẹ́. Ọ̀gá mi ò gbọ́ nípa àwọn ìwádìí yìí. Nígbà tó kú, wọ́n ta ìwé rẹ̀ fún alákàrà, ó fi ń wé àkàrà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ní 2005, ìjọba fi ACT, àpòpọ̀ oògùn ibà, rọ́pò Nivaquine. Yíyún lọ, ìbéèrè náà bá a lọ. Ọmọ kékeré tó ń ta oògùn báyìí, owó ló ń kọ́kọ́ béèrè.

Wọ́n ń sọ pé irú èmi ló jẹ́ kí Nivaquine má ṣiṣẹ́ mọ́, pé wóró mẹ́rin péré ni mo máa ń fún ẹni tó ń yún nígbà náà dípò mẹ́wàá. Mo ṣe é. Bí mo bá fún wọn ní mẹ́wàá, mẹ́fà á wọ inú igbó. Mẹ́rin tí wọ́n gbé mì sàn ju mẹ́fà tí wọ́n kó dànù lọ, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lórí ìyẹn.

Ọmọ mi, kí o tó fún ọkùnrin kankan ní primaquine, bi í léèrè nípa àwọn ọkùnrin ilé ìyá rẹ̀, torí ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àìtó G6PD. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.