Kò Gbé Wáífáì Mọ́: Bí Iṣẹ́ Wa Ṣe Rìn ní Ọ̀wọ̀

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀gá mi ń tún ṣe nígbà tí wọ́n mú mi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò jìnnà sí Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ wa ni pé iná kì í fò. Bí iná kò bá dé ibì kan, wáyà kan ló já, tàbí kí ẹsẹ̀ kan ti ṣí kúrò lórí bọ́ọ̀dù, kí ọmọ iṣẹ́ yáa mú mítà kó máa wá a kiri. Ẹni tó bá ti ń fẹnu sọ pé nǹkan báyìí ló kú láì tíì fi mítà kàn án, ìkó ni yóò jẹ lórí. Bí mo ṣe ti ibẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń gbé láptọ́ọ̀pù wá bá láti Ìpele, Ìfọ́n àti Ìdóàní, tí ẹjọ́ gbogbo wọn sì máa ń jẹ́ "Ẹnjiníà, kò gbé wáífáì mọ́," ìtàn náà gùn díẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ò tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n dá Polí sílẹ̀ ní 1979, tí wọ́n ń pè é ní Ondo State Polytechnic kó tó di Rufus Giwa Polytechnic, táípúráítà ni àwọn tó ń tẹ prọ́jẹ́ẹ̀tì fi ń jẹun. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà orí tábìlì gba ipò wọn, ọ̀gá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àpótí páwà wọn ṣe, torí ìyàtọ̀ páwà tẹlifíṣọ̀n sí ti kọ̀ǹpútà kò tó nǹkan lójú ẹni tó mọ iná. Ẹ̀yìnkùlé la gbà wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Fóònù GSM wọ Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ 2001, àmọ́ ọwọ́ àwọn oníkafé ni íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà. Àwo sátẹ́láìtì ńlá á wà lórí òrùlé, wáyà á gba ara ògiri wọlé, ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, ẹ ó sì fi ìdajì rẹ̀ jókòó ti Yahoo tó kọ̀ tí kò ṣí. Lókè òkun, wọ́n ti kúrò níbẹ̀. Oṣù kẹta 2003 ni Intel gbé Centrino jáde, láti ìgbà náà ni ẹni tó ra láptọ́ọ̀pù kò ti ní láti lọ ra káàdì wáífáì lọ́tọ̀ tí yóò máa kì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn ẹ̀rọ yẹn ló di tòkunbọ̀ tó gba Èkó dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Wáífáì wà nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó bìkítà. Kí la fẹ́ fi ṣe? Nígbà tí módẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ń kì bọ USB sì dé, tó gba oníbàárà lọ́wọ́ àwọn oníkafé, ńṣe ló tún bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Káàdì wáífáì ẹlòmíràn ti kú láti Lọ́ndọ̀nù, kò mọ̀, módẹ́ẹ̀mù ló ń lò.

Fóònù ló tú àṣírí. Android 2.2 tó jáde ní 2010 gbé hotspot wọ inú fóònù, kò sì pẹ́ tí àwọn ọmọ Polí fi ń pín dàtà fún ara wọn láti yàrá kan sí èkejì. Àfi bí gbogbo láptọ́ọ̀pù tí wáífáì wọn ti ń ṣàìsàn láti ọjọ́ pípẹ́ ṣe dà sígboro lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá mi gbé ọ̀kan, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ní, "Ìwọ lojú rẹ ṣì mú. Máa gba ìyẹn." Bí mo ṣe jogún ẹ̀ka iṣẹ́ náà nìyẹn.

Òfin mítà wúlò níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe máa rò lọ. Bí ẹ bá tú ìdérí ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́, ẹ ó rí káàdì wáífáì, pẹlẹbẹ kékeré kan. Wáyà tín-tín méjì, dúdú kan, funfun kan, fi orí aláwọ̀ wúrà bíńtín há mọ́ ọn. Àwọn wáyà yìí gba abẹ́ kíbọ́ọ̀dù, wọ́n gba inú hínjìsì, wọ́n gun òkè lọ sí etí sírínì. Inú etí sírínì yẹn ni èríàlì wà. Ìdí rèé tí láptọ́ọ̀pù tí hínjìsì rẹ̀ ti fọ́ fi sábà máa ń ní àìsàn wáífáì pẹ̀lú. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ti ń fà á ṣí, hínjìsì ń fún wáyà lọ́rùn, títí awọ rẹ̀ á fi bó. Àmì rẹ̀ kì í fara sin. Bí fóònù bá wà lórí tábìlì kan náà, ó gbé e. Ẹ gbé fóònù dé ẹnu ọ̀nà, ó já. Ẹ mi sírínì díẹ̀, ó padà dé. Ẹlòmíràn sì ti lọ pààrọ̀ sírínì níbòmíràn, ẹni tó ṣe é ò dá wáyà padà sórí káàdì. Èékánná àtàńpàkò ni mo fi máa ń tẹ orí wáyà yẹn wọlé, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dún "pọ́". Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá tíì gbọ́ "pọ́" yẹn kò gbọdọ̀ dé ìdérí lójú mi.

Súwíìṣì ń kọ́? Láptọ́ọ̀pù ìgbà yẹn ní súwíìṣì wáífáì níwájú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ti ẹ̀rọ sínú báàgì, báàgì náà ti súwíìṣì. Mo ti fi ìka kan ti irú rẹ̀ padà lójú ẹni tó gbé e wá, iná tó pọ́n di búlúù kó tó jókòó. Ṣé kí n gba owó? Àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀. Èmi máa ń gbà á, mi ò sì tijú. Èyí tó ń dáni lágara ni kí súwíìṣì fúnra rẹ̀ bàjẹ́, kó máa pàṣẹ fún káàdì tọ̀sán-tòru pé kó sùn. Lórí káàdì mini PCIe, ẹsẹ̀ nọ́ńbà 20 ni àṣẹ yẹn ń gbà wọlé. Ẹ gé téèpù tín-tín, ẹ bo ẹsẹ̀ kan yẹn ṣoṣo, káàdì ò ní gbọ́ àṣẹ mọ́, yóò máa ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Àwọn kan wà tó kọjá ti téèpù. Láàárín 2007 sí 2008, HP fúnra wọn kéde pé àwọn dv2000, dv6000 àti dv9000 kan ní àìsàn tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ pé ẹ̀rọ ò ní rí káàdì wáífáì rárá, wọ́n sì fi kún àkókò wáràǹtì wọn. Ní oṣù keje 2008, NVIDIA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù, ní àwọn máa ya owó sọ́tọ̀, láti mílíọ̀nù 150 dé mílíọ̀nù 200 dọ́là, fún àwọn ṣíìpù tí ooru ń bà jẹ́ nínú láptọ́ọ̀pù. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: wáífáì ló kọ́kọ́ lọ, àmọ́ ṣíìpù ló ń kú. Wáràǹtì ò sì bá tòkunbọ̀ sọdá òkun. Àwọn kan ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yan bọ́ọ̀dù irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, á jí, á tún sùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mi ò kì í ṣe é. Owó tó yẹ kí wọ́n fi ra òmíràn ló ń gbà lọ.

Pípààrọ̀ káàdì náà ní wàhálà tirẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ mìíràn ti kọ orúkọ káàdì tí wọ́n gbà láyè sínú BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ. Ẹ fi àjèjì sí i, ẹ̀rọ á kọ̀ láti dìde. Lórí ThinkPad àtijọ́, nọ́ńbà 1802 ni yóò kọ síbẹ̀. Ti HP á kọ 104, á sì dúró gbagidi. Wáífáì orí USB, èyí tó kéré bí èékánná, ló gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Ó ti ba ọjà àwa tó ń tú ẹ̀rọ jẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ohun tó dáa ni.

Tíṣà obìnrin kan wá láti Ìfọ́n. "Ẹnjiníà, ó gbé wáífáì o, ṣùgbọ́n Google ò ṣí."

"Mà, ṣé bátìrì ẹ̀ ṣì ń gbé iná dúró?"

"Bátìrì? Ó ti kú tipẹ́. Bí NEPA bá mú iná lọ, òun náà lọ nìyẹn."

Mo wo igun sírínì nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún: oṣù kìíní 2009. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tó ń bá ẹ̀rọ ṣọ́ aago ti kú, nítorí náà gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni ẹ̀rọ ń gbàgbé ọjọ́. Ìkànnì tó bá ní ààbò máa ń fi ìwé ẹ̀rí hàn, ìwé náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Láptọ́ọ̀pù tó rò pé 2009 la wà á wo ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, á ní ayédèrú ni. Wáífáì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Owó bátìrì yẹn ò tó owó ọkọ̀ tí tíṣà san wá sí Ọ̀wọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ nìkan sì kọ́. Ìlú Elegbeka wà lójú ọ̀nà Ìfọ́n sí Ọ̀wọ̀ yẹn, níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, ní oṣù kọkànlá 2020. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ oníbàárà mi láti ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ kì í dá wá mọ́ bí oòrùn bá ti ń yẹ̀. Wọ́n á fún awakọ̀ ní láptọ́ọ̀pù láàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ dá a padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó sọ mí di dókítà orí fóònù. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ sí ọkọ̀, mo ti bi í léèrè: iná wáífáì pọ́n tàbí ó jẹ́ búlúù? Kí ni ọjọ́ tó wà lójú ẹ̀? Ṣé ó ń rí wáífáì àwọn ará ilé kejì? Ìbéèrè kẹta yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí bó bá ń rí ti ẹlòmíràn tí kò rí tiyín, káàdì ń ṣiṣẹ́, nǹkan mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀.

Nǹkan mìíràn yẹn gan-an ló pọ̀ jù lónìí. Àwọn fóònù tuntun lè fi hotspot wọn sórí 5 GHz, 2.4 GHz nìkan sì ni etí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ń gbọ́. Ẹ yí i padà sí 2.4 nínú ṣẹ́tìǹgì fóònù, ó parí. Ẹ̀kejì ni WPA3, ààbò wáífáì tuntun: láptọ́ọ̀pù á rí orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù tó tọ́, á ní kò tọ́. Dídá a padà sí WPA2 ni oògùn rẹ̀. Àsìkò ọdún Ìgogo nínú oṣù kẹsàn-án, tí ìlù dákẹ́ tó jẹ́ agogo nìkan ló ń dún nílùú, ni ẹ̀kẹta máa ń yọjú. Ọmọ Ọ̀wọ̀ kan á gbé ráútà wá láti Lọ́ndọ̀nù fún àwọn òbí rẹ̀. Ní Yúróòpù, ṣánẹ́ẹ̀lì wáífáì lórí 2.4 GHz dé 13. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà kì í wò kọjá 11. Bí ráútà bá lọ jókòó sórí 13, gbogbo fóònù inú ilé lè máa rí i, kí láptọ́ọ̀pù baba má rí nǹkan kan. Ṣánẹ́ẹ̀lì 6 ni mo máa ń fi í sí, màá jẹ iyán wọn, màá sì máa lọ.

Ìgbà mìíràn, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ rárá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, láptọ́ọ̀pù kún tábìlì mi kí ọ̀sán tó pọ́n, tuntun àti àlòkù. Wáyà abẹ́ òkun ló já nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Bàbá kan bínú, ó ní kí ló kan òkun Abidjan pẹ̀lú wáífáì òun ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀.

Kí ló dé tí wọn ò ra tuntun? Kí wọ́n tó jọ̀wọ́ náírà fún ọjà ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦470 ní bánkì. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀rọ tí à bá ti jù nù ti padà di ohun ìní. Microsoft sì dá ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 ò sì gba àwọn ẹ̀rọ tọ́jọ́ wọn ti lọ yìí wọlé. Linux ni mò ń fi sí ti àwọn ọmọ Polí tó bá gbà. Inú wọn máa ń dùn títí wọ́n á fi rí i pé káàdì Broadcom ò ṣiṣẹ́: faìlì tó nílò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsí faìlì náà kò sì lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Okùn USB fóònù la fi ń bá a já ìdè yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Láti ìgbà tí Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì, ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2023, ẹjọ́ tuntun kan ti wọ ọjà. Bàbá oníkòkó kan lọ́nà Ìpele rà á, ó sì pè mí sílé. Fóònù àwọn ọmọ rẹ̀ ń sáré, láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ ń wọ́. Káàdì wáífáì onílẹ́tà g ló wà nínú ẹ̀, irú ti 2003: 54 megabit ló kọ sára, ìdajì rẹ̀ kì í sábà dé ọwọ́. Mo ní, "Bàbá, mo lè fi USB tó ń gbọ́ 5 GHz sí i fún yín." Ó bi mí pé ṣé àkọsílẹ̀ kòkó rẹ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ ò ní lọ. Mo ní rárá, a ò ní tú nǹkan kan. Ó ní kí n fi sí i, ó sì fa kíbọ́ọ̀dù náà mọ́ra kí n má baà fọwọ́ kàn án ju bó ṣe yẹ lọ.