"Ṣé Wọn Ò Ní Í Wó O?"

Ní ọjọ́ tí Màámi dé sí Los Angeles, a kò tíì gbé àpótí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tán tí mo fi fà á lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọdún kan gbáko ni èmi àti ọkọ mi fi ṣe wàhálà ilé kékeré tó wà níbẹ̀: yàrá kan, ibi ìdáná kékeré, àti balùwẹ̀ tí a kan irin ìdìmú mọ́ ògiri rẹ̀ nítorí orúnkún Màámi. Mo ti ń retí kí ó bú sẹ́rìn-ín, kí ó gbàdúrà, bóyá kí ó tilẹ̀ jó díẹ̀. Kò ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ó fi ìka kan ògiri, ó yọjú wo ẹ̀yìn ilé níbi tí ọgbà wà, ó sì bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Àdùkẹ́, ṣé wọn ò ní í wó o?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ilé tí ó ń rántí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Bàámi lọ mú ìyá rẹ̀ wá sí Èkó láti abúlé wa nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó. Bàbá Àgbà ti kú, ojú Ìyá Àgbà sì ti ń ṣú. Orí ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ni ilé wa wà, àwa ọmọ márùn-ún sì ti kún inú rẹ̀. Bàámi pe bíríkìlà kan, wọ́n sì mọ yàrá kan sí ẹ̀yìnkùlé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yìn yàrá náà fara ti ọgbà aládùúgbò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì jókòó sórí ojú ọ̀nà tí omi òjò ń gbà lọ sí gọ́tà. Kò sí àwòrán ilé, kò sí ìwé àṣẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Bàámi léèrè, èsì kan ṣoṣo ló ní: "Ìyá mi ni mo kọ́lé fún. Ọwọ́ ta ni kí n ti tọrọ àyè?"

Nígbà òjò ọdún kejì, omi tí kò rọ́nà lọ mọ́ ya wọ pálọ̀ aládùúgbò wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin náà wá bẹ Bàámi. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò wá mọ́, ó lọ fẹjọ́ sùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa fa àmì X sára ògiri Ìyá Àgbà. Kò ríran dáadáa, ó sì ń bi àwa ọmọ pé kí ni wọ́n kọ. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn nínú wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wó o, Màámi ló gbé ẹní àti ẹrù ìyá ọkọ rẹ̀ jáde, ó sì fi í jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n dá òun padà sí abúlé. Ọdún náà kò parí tí ó fi papò dà. N kò sọ pé wíwó ilé ló pa á. Àgbà ti dé sí i. Ṣùgbọ́n Bàámi kò dárúkọ yàrá náà mọ́ títí òun náà fi dágbére fáyé.

Ohun tó ṣòro fún mi láti gbà ni pé òfin kò jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó yẹ kí omi rọ́nà lọ.

Lẹ́yìn ikú Bàámi, Màámi nìkan ló kù sínú ilé Èkó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó ṣubú ní balùwẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́ kí ọmọ tó ń bá a pọnmi tó wá bá a nílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé màá mú un wá sọ́dọ̀ mi. Ilé wa níhìn-ín kò ju yàrá ìsùn méjì lọ, ọmọ mẹ́ta ni a sì bí. Ohun kan ṣoṣo tí a ní tó lè di yàrá ni gáréèjì ẹ̀yìnkùlé, tí kò gba ọkọ̀ kankan láti ọjọ́ tí a ti ra ilé náà, bí kò ṣe kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ àti páálí.

Ọkùnrin kan tí a jọ jẹ́ ọmọ Yorùbá wá wò ó. Ó ní òun yóò sọ ọ́ di yàrá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ìdá mẹ́ta iye tí àwọn mìíràn ń béèrè. Mo bi í nípa ìwé àṣẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, màmá yín ló fẹ́ gbé e, ẹ ò fẹ́ gbà yálégbé. Ta ni yóò mọ̀?" Kí n má purọ́, inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó di alẹ́ kí n tó rántí pé mo ti gbọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn rí, àti pé èsì ọkùnrin yìí àti ti Bàámi jọra bí ìbejì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ohun tí òfin ìlú yìí sọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ kà bí mi nínú. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kan wà tó ń pín àdúgbò sí oríṣiríṣi, tó ń sọ irú ilé tí a lè kọ́ síbì kan àti irú èyí tí a kò lè kọ́ síbẹ̀. Ní ọdún 1916, ìlú Berkeley ní California ya àdúgbò sọ́tọ̀ fún ilé ìdílé kan ṣoṣo: ilẹ̀ kan, ilé kan, ìdílé kan. Ní 1926, ẹjọ́ ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Euclid, ní ìpínlẹ̀ Ohio, dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ilé ẹjọ́ náà fọwọ́ sí i pé ìlú ní ẹ̀tọ́ láti pín ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdájọ́ náà sì fi ilé ńlá tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé wé àfòmọ́ nígbà tí wọ́n bá kọ́ ọ sí àdúgbò ilé ìdílé kan. Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Agbo ilé ni wọ́n ti bí bàbá mi: ìyàwó, ọmọ, àbúrò, opó àti ọmọ ọmọ, gbogbo wọn láàárín ọgbà kan. Lójú òfin yẹn, àfòmọ́ ni gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sórí ilé. Ní 1917, ilé ẹjọ́ kan náà ti fagi lé òfin ìlú Louisville tó ń dí àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ láti máa gbé ní òpópónà tí àwọn aláwọ̀ funfun pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí òfin kò lè fi àwọ̀ rẹ̀ lé mọ́, iye owó ilé lè lé e jìnnà. Bí ilé ńlá kan ṣoṣo bá ni ohun tí wọ́n gbà láàyè lórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí agbára rẹ̀ mọ sí yàrá kan kò ní í rí ibi dúró sí.

Ibi tí ara ti tù mí ni òfin àìpẹ́ yìí. Ilé ti wọ́n gógó ní California, àwọn òbí ń darúgbó, àwọn ọmọ tó ti jáde ilé ìwé kò sì rówó yálé. Nítorí náà ni ìpínlẹ̀ náà fi ṣe òfin ní 2016, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, tí ó sì tún fi òmíràn tì í lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020. Orúkọ tí wọ́n ń pe ilé kejì lẹ́yìnkùlé yìí ni ADU. Bí ilé kékeré náà bá bá ìwọ̀n mu, ìlú kò lè kọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ tí ìwé ìbéèrè rẹ bá ti pé, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n ní láti fún ọ lésì. Wọn kì í pe ìpàdé kí aládùúgbò wá dìbò lé ọ lórí. Ilé tí kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 800 lọ, tí gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 16 lọ, tí ó sì fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sílẹ̀ sí ààlà ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn, ìlú kò lè sọ pé ilé ti pọ̀ jù lórí ilẹ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ gáréèjì tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni o sọ di ilé, ó lè dúró síbi tó wà, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ní kí o wá ibòmíràn tí ọkọ̀ yóò máa dúró sí. Ìlú kọ̀ọ̀kan lè fi òfin tirẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n kò lè fi dí ọ̀nà tí ìpínlẹ̀ ti là.

Èmi àti ọkọ mi gba ayàwòrán ilé, a kọ̀wé béèrè àṣẹ. Nínú àwòrán náà, a fi balùwẹ̀ kún ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, a sì fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ọgbà. Ní àkókò náà, bàbá arúgbó tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa kan ilẹ̀kùn wa. Ó ti gbọ́ pé a fẹ́ kọ́lé. Ó ní fèrèsé balùwẹ̀ yóò máa wo inú ọgbà òun, níbi tí òun ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé kò lè dá wa dúró. Òfin ti gba ìbò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi kí n tó rántí ọkùnrin tó wá bẹ Bàámi lẹ́ẹ̀mejì. A gbé fèrèsé náà sókè, a sì fi gíláàsì tí kò ṣeé rí kọjá sí i.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, wolé-wolé ìkọ́lé dé. Obìnrin ni, kò sì rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó wọn gíga àjà, ó wọn fèrèsé yàrá ìsùn: ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ga ju íǹṣì 44 lọ láti ilẹ̀, kí ẹni tó wà nínú lè gba ibẹ̀ jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ó ní ká ṣí ògiri ẹ̀gbẹ́ kan kí òun rí wáyà tó wà nínú rẹ̀. Inú bí mi. Owó ni ògiri. Nígbà tí wọ́n ṣí i, a rí wáyà kan tí ẹni tó ni ilé ṣáájú wa dọ́gbọ́n fà, láìgbàṣẹ. Ara rẹ̀ ti yọ́, igi tó gbà kọjá sì ti dúdú bí èédú. Èmi àti ọkọ mi kò wo ojú ara wa. Ibi tí a ti wọn sílẹ̀ fún orí ibùsùn Màámi kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkùnrin yẹn sọ kì bá tí ṣí ògiri náà.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀nà yìí rọrùn. Owó tí a ná ju iye tí a fi ra ọkọ̀ wa méjèèjì lọ, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn wa di òní. Òfin lè ní kí o kọ́lé. Kò fún ọ ní bíríkì. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ìyá wọn nílò yàrá ju tiwa lọ kò ní ẹ̀yìnkùlé rárá.

Mo padà sọ́dọ̀ Màámi ní ọjọ́ tó dé yẹn. Mo wọ inú ilé lọ, mo mú ìwé tí ìlú fún wa lẹ́yìn àyẹ̀wò ìkẹyìn jáde. Orúkọ ìwé náà mú un lójijì: C of O.

"C of O kẹ̀? Èyí tí bàbá yín wá títí tí kò rí gbà?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ní Nàìjíríà, lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, ìwé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ ni C of O, gómìnà ló ń fún ni. Níhìn-ín, ilé ni ìwé náà ń jẹ́rìí sí: pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì yẹ fún ènìyàn láti gbé. Ó ní kí n kà á fún òun ní Yorùbá. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó ṣí àpótí rẹ̀ níbi tí ọkọ mi gbé e sí, ó sì tẹ́ ìwé náà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ aṣọ òkè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kàwé yìí, bóyá Ìbàdàn ni ẹ wà, bóyá London, ọjọ́ ń bọ̀ tí òbí yín yóò nílò yàrá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìfẹ́ mú yín sáré kọjá ọ́fíìsì tó ń fúnni láṣẹ ìkọ́lé. Ẹ lọ béèrè iye àyè tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ sí ààlà, kí ẹ sì ní sùúrù fún ẹni tó fẹ́ yẹ ògiri yín wò. Orí ẹni tí ẹ kọ́lé náà fún ni àṣìṣe yín yóò kọ́kọ́ wó lé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, n kò bá Màámi nínú yàrá. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni mo ti rí i, láàárín ògiri balùwẹ̀ àti ọgbà, nínú àyè ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ tó gbé wá láti Èkó kó ewé gbígbẹ kúrò nílẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀," ni mo wí. "Kò sí ẹni tó ń gba ibẹ̀."

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Omi á gba ibẹ̀," ni ó wí, ó sì ń gbálẹ̀ lọ.