Àwọn tó ń gun òkè fẹ́ lọọ wo erin ní J4, ni baba ọdẹ bá bi wọ́n ní ìbéèrè kan

Ẹni tó bá kọjá níwájú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, tó rí bí àwọn èèyàn ṣe ń wọlé ní méjì, ní mẹ́ta, yóò rò pé ìpàdé alájẹṣẹ́kù ni wọ́n fẹ́ ṣe, àbí pé àwọn tó ń ta àgbo inú ike tún ti dé nìyẹn. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti báǹkì bọ̀, táì ṣì wà lọ́rùn wọn. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, tíṣà ló sì pọ̀ jù. Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe owó ni wọ́n ń dá. Òkè ni wọ́n ń gùn. Háíkíìnì ni àwọn ọ̀dọ́ inú wọn ń pè é, ìyẹn ni pé kéèyàn wọ bàtà kánfáàsì, kó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ sórí àpáta tàbí sínú igbó, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lé e, tí kò sì ní oko níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń jáde lọ, ọjọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí wọn kì í fi ṣeré: ẹni tí kò bá wá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kò ní bá wọn wọ bọ́ọ̀sì. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ lọ, wọn yóò kọ́kọ́ wá ẹni tó mọ ibẹ̀ dáadáa kó wá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Láti 1930 ni wọ́n ti dá Nigerian Field Society sílẹ̀, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, ìwé ìròyìn wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1931. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ, ọ̀rọ̀ igi, ọ̀rọ̀ nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń sọ, tí wọ́n sì ń jáde lọọ fojú rí i. Ti Bódìjà yìí kàn jẹ́ ti àwa mẹ̀kúnnù ni. Àkàrà àti omi inú ọ̀rá ni àlejò ń jẹ, jẹnẹrétọ̀ sì máa ń kú láàárín ọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ sí Ìdànrè, màmá kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n pè. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn ni gbogbo ayé ń sọ, ta ló gùn ún, ta ló dákú lójú ọ̀nà. Màmá ní àtẹ̀gùn kọ́ ni nǹkan. Ìlú ló wà lókè yẹn. Ààfin ń bẹ níbẹ̀, kóòtù ń bẹ níbẹ̀, ilé ìwé ń bẹ níbẹ̀, kí àwọn èèyàn tó ṣí wá sísàlẹ̀ ní nǹkan bí 1933. Ó wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rá omi tí ẹ ń jù sílẹ̀ lókè yẹn, ilé bàbá mi lẹ̀ ń jù ú sí." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé àpò ìdọ̀tí dání.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó ṣe mí ní kàyéfì. Lọ́jọ́ mìíràn, olùkọ́ kan wá sọ̀rọ̀ nípa igbó tó wà nínú ọgbà IITA, lójú ọ̀nà Mọ́níyà. Nígbà tí wọ́n dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1967, oko àwọn àgbẹ̀ wà lórí púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Wọ́n wá fi nǹkan bíi 350 hẹ́kítà sílẹ̀ láìro, igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà fúnra rẹ̀ títí ó fi di igbó dídí. Ẹyẹ kan ń bẹ níbẹ̀, ìbátan ẹ̀gà ni, ara rẹ̀ dúdú, orí àti àyà rẹ̀ pupa. Ní 1958 ni ọ̀gbẹ́ni Elgood, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, kọ̀wé nípa rẹ̀ fáráyé gbọ́. Orúkọ ìlú Ìbàdàn ni wọ́n fi sọ ẹyẹ náà, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n ti ń rí i láyé yìí ju ilẹ̀ Yorùbá níbí lọ. Bàbá kan tí wọ́n bí ní Bẹẹrẹ dìde, ó ní òun ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun ò gbọ́ ọ rí. Èmi náà ò gbọ́ ọ rí, ká má parọ́.

Àmọ́ èyí tó gbóná jù ni ti J4.

Ẹni tó bá ti gba títì Ṣágámù lọ sí Orè yóò mọ J4. Inú igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Omo Forest Reserve ló wà, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìpínlẹ̀ Ògùn. 1925 ni ìjọba ti ya igbó náà sọ́tọ̀, ó tóbi tó nǹkan bíi 130,000 hẹ́kítà nínú ìwé, àjọ UNESCO sì fi í sára àwọn igbó tó kà sí pàtàkì lágbàáyé ní 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, erin gidi, kò jìnnà rárá sí ibi tí dáńfó ti ń já ara wọn gbà ní Èkó.

Ẹni tó wá bá wọn sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ti fi ìbọn dẹ igbó yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gbé e jù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà báyìí ló jẹ́ pé ọdẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Bàbá kò mú fọ́tò kankan dání, kò sì jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún àwọn tó jù ú lọ, ó wá bẹ̀rẹ̀.

Kó tó sọ̀rọ̀ jìnnà ni ọ̀dọ́kùnrin kan ti na ọwọ́ sókè: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a máa rí erin? Torí owó bọ́ọ̀sì ti wọ́n o." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò dájú, pé òru ni wọ́n sábà máa ń rìn, pé nínú iṣẹ́ òun, ipasẹ̀ àti imí wọn lòun ń rí ju ojú wọn lọ. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò gbà. Ó ní ṣebí àwọn bàbá wa ló ní bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin.

Bàbá dáhùn pé, "Ọmọ mi, àwọn tó pa òwe yẹn, erin ò tíì máa tán nígbà ayé wọn. Jẹ́ kí n bi ẹ́. Bó o bá rí i, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Fọ́tò ni ọmọ náà ní òun fẹ́ yà, kóun gbé e sórí Facebook.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí padà. Bàbá ní nígbà tóun ń dẹ ọdẹ, kì í ṣe ọta ìbọn ló ń jẹ òun lówó jù, ẹni tó máa sọ ibi tí ẹranko gbà fún òun ni. Owó lòun ń san fún irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀yin wá fẹ́ gbé e sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, tòun ti ibi tẹ́ ẹ ti yà á." Ẹnikẹ́ni kò lè fèsì. Àwọn tó mọ̀ nípa fóònù nínú wọn mọ̀ pé òótọ́ ni, torí ọ̀pọ̀ fọ́tò ló ń tọ́jú ibi tí wọ́n ti yà á sínú ara rẹ̀.

Ó wá ṣàlàyé ohun tó wà nílẹ̀. Oṣù 22 ni erin ń gbé oyún. Abo erin inú igbó máa ń lé ní ogún ọdún kó tó bímọ àkọ́kọ́, ọdún bíi márùn-ún sì lè wà láàárín ọmọ kan sí èkejì. Ìyẹn ni pé ẹni tó pa ẹyọ kan lónìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ lè má rí àrọ́pò rẹ̀. Ní 2021 ni àjọ IUCN fi erin inú igbó sí ìpele tó léwu jù kí ẹranko tó tán pátápátá nínú igbó. Ohun tí mi ò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kan ìkòkò ọbẹ̀ wa. Igi òro tí a ti ń rí àpọ̀n, erin wà lára àwọn tó ń jẹ èso rẹ̀, tó ń gbé kóró rẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn, tó sì ń yà á sílẹ̀ pẹ̀lú ajílẹ̀ lára.

Àǹtí kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló bá a jiyàn. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá. Bí kò bá sí ẹni tó ń lọ síbẹ̀, ta ni yóò pariwo lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé igi tó kẹ́yìn?" Ìbéèrè gidi ni, torí ìbọn nìkan kọ́ ló ń lé erin. Àwọn agégi wà níbẹ̀, oko kòkó sì ti wọ inú igbó náà gan-an. Bàbá kò bú àwọn àgbẹ̀ yẹn o. Ó ní ọ̀pọ̀ wọn ló wá ilẹ̀ títí tí wọn ò rí, ilẹ̀ igbó sì lọ́ràá. Àmọ́ bí igbó bá di oko, erin kò ní ibòmíràn tó máa lọ, ìjọba tó ya igbó náà sọ́tọ̀ ló sì yẹ kó dá wọn lẹ́kun.

Ní tèmi, mo gbè sẹ́yìn àǹtí yẹn, pẹ̀lú àdéhùn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹranko kíákíá, kó lọ sí Lẹ́kí. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, afárá orí igi tí wọ́n ṣí ní 2015 náà gùn tó 401 mítà, fọ́tò rẹ̀ á sì dáa. J4 kì í ṣe irú ibẹ̀.

Wọ́n jiyàn títí aago mẹ́sàn-án fi kọjá. Ibi tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé èèyàn 14 ni yóò lọ dípò bọ́ọ̀sì méjì, wọn yóò sanwó fún àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń mú wọn rìn, gbogbo fóònù yóò wà ní pípa nínú báàgì, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ pé kí wọ́n wá erin fóun. Bàbá ní kí wọ́n fi kánfáàsì sílé, bàtà òjò ni kí wọ́n wọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀.

Mo bá wọn lọ. A gba Ìjẹ̀bú-Òde já sí títì ńlá, a sì yà wọlé. Nǹkan àkọ́kọ́ tí a pàdé ni ọkọ̀ tó kó gẹdú, ó ń bọ̀ níta bí àwa ṣe ń wọlé, a sì ní láti yà fún un. Lẹ́yìn náà ni igi gmelina tí wọ́n gbìn, lórí ìlà bí ọmọ ilé ìwé. Kòkó tẹ̀ lé e, ó ti so. Ó pẹ́ kí igbó gidi tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó sì bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Atẹ́gùn tutù lójijì, ọ̀sán di bí ìrọ̀lẹ́, ariwo títì sì kú sẹ́yìn wa.

A rìn fún wákàtí mẹ́rin. Erin kankan kò yọ. Ẹ̀bá odò kékeré kan ni ẹ̀ṣọ́ tó wà níwájú ti dúró, tó nawọ́ sílẹ̀. Ipasẹ̀ ni, ó fẹ̀ tó àwo fùfú, omi ti sun sínú rẹ̀. Níwájú díẹ̀ ni imí rẹ̀ wà, ó ti gbẹ lójú, kóró èso sì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ti ń hù. Ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ ya fọ́tò lóṣòó tì í. Ó wò ó títí, kò sì fọwọ́ kan báàgì rẹ̀. Ó wá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ náà pé ọdún mélòó ni yóò gbà kó tó di igi.