Òǹkà Tí Kò Mọ Onílé

Ní Adjamé, ní ìlú Abidjan, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Roxy. Ilé sinimá àtijọ́ kan ni ó fi orúkọ náà sílẹ̀ fún àdúgbò. Ọjà ni a mọ ibẹ̀ mọ́ nísinsìnyí. Àwọn Yorùbá, tí àwọn ará Abidjan ń pè ní Anago, kì í ṣe àjèjì ní ọjà Adjamé, àwọn ará Èjìgbò sì pọ̀ nínú wọn.

Ní ilé sinimá, tíkẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí iye ènìyàn tí ó wọlé. Ẹni tí ń gbálẹ̀ kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò kà á mọ́ òǹwòran. Ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí obìnrin aláṣọ kan ní Roxy bá fẹ́ mọ iye ènìyàn tí ń wo ànkárá rẹ̀ lórí ìkànnì, oníṣẹ́ rẹ̀ yóò fi kóòdù kékeré kan sí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Nígbàkígbà tí ojú-ewé bá ṣí, kóòdù náà yóò ránṣẹ́ sí òǹkà: ojú-ewé wo ni, ní àkókò wo, láti orí irú ẹ̀rọ wo. Òǹkà yìí kò mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Oníṣẹ́ a máa ṣí ojú-ewé kan náà ní ogójì ìgbà ní ọ̀sán kan ṣoṣo, kí ó lè mọ̀ bóyá gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́. Aláṣọ yóò rò pé ojú ayé wà lára aṣọ náà, yóò sì fi owó òwò rẹ̀ ra á kún ṣọ́ọ̀bù.

Nítorí èyí ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń kọ́ ilé ìdánwò sínú kọ̀ǹpútà ara wọn. Adírẹ́sì rẹ̀ ni localhost, tàbí 127.0.0.1, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ojú-ewé kò kúrò ní Adjamé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kóòdù Google Analytics bá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà gidi ìkànnì náà, iṣẹ́ tí ó ń rán ń lọ bá Google, ó sì ń dàpọ̀ mọ́ ti oníbàárà. Kí a gba nọ́ńbà mìíràn fún ìdánwò nìkan. Tàbí kí a fi Matomo, tí ó ń jẹ́ Piwik títí di ọdún 2018, sínú kọ̀ǹpútà kan náà, kí òǹkà àti ohun tí ó ń kà jọ wà nílé.

Àwọn kan a máa ní kí a kàn fi asẹ́ yọ adírẹ́sì oníṣẹ́ kúrò. Ìmọ̀ràn ọ́fíìsì ńlá ni ìyẹn. Adírẹ́sì ẹni tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì Orange, MTN tàbí Moov lórí fóònù a máa yí padà, ó sì lè jẹ́ pé òun àti ọ̀pọ̀ oníbàárà ni wọ́n jọ ń lo ọ̀kan. Asẹ́ Google pàápàá kì í sẹ́ ohun tí ó ti wọlé tẹ́lẹ̀.

Òfin tún wà níbẹ̀. Òfin Côte d'Ivoire 2013-450, ti ọjọ́ 19 oṣù Júnì ọdún 2013, ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Nílé ìdánwò ni a ti lè rí i bí nọ́ńbà fóònù oníbàárà bá ń bá adírẹ́sì ojú-ewé lọ sọ́dọ̀ òǹkà. Bí a bá tètè rí i, ìlà kóòdù kan ni a ó tún ṣe. Bí ó bá di ẹ̀yìn tí a ti ṣílẹ̀kùn, nọ́ńbà náà ti dé ọwọ́ ẹlòmíràn.