Ìgbà Wo Ló Dáa Láti Lọ sí Òkè Nimba?

Ìdílé tó bá fẹ́ gbéra ní Monrovia lọ wo Òkè Nimba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run. Oṣù keje àti ìkẹjọ lọmọ iléèwé máa ń gba ìsinmi, àmọ́ ìgbà yẹn gan-an lòjò ń ya lulẹ̀. Àsìkò Kérésì sàn jù. Mọ́tò á gba Gbarnga àti Ganta kọjá kó tó dé Yekepa, nítòsí ààlà Guinea. Ẹ ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un.

Ibẹ̀ niléeṣẹ́ LAMCO ti wa òkúta irin, tí wọ́n ń fi rélùwéè kó o lọ sí Buchanan láti 1963. Àwọn ọmọ á béèrè pé ta ló bu òkè náà jẹ. Ẹ dá wọn lóhùn, kẹ́ ẹ wá fi igbó tíjọba dáàbò bò ní 2003 hàn wọ́n. Òkè yìí náà ni ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí kì í yé ẹyin: ọmọ ló ń bí! Ẹ mú súwẹ́tà dání.