Kòkòrò Tí Ọ̀sà Wa Nílò

Nínú àdúrà Yorùbá, ojúoró máa ń lékè omi. Ṣùgbọ́n koríko tó lékè ọ̀sà Ébrié níbí ní Bingerville kì í ṣe ojúoró. Jacinthe d'eau ni, àlejò láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, ó sì ń ba àwọ̀n apẹja jẹ́.

Mo sọ fún màmá ará Èjìgbò tí mo ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ pé kòkòrò kan wà tó ń jẹ ẹ́. Ó ní, “Ọmọ mi, tó bá jẹ ẹ́ tán, ṣé kò ní kọjú sí ẹ̀gẹ́ wa?”

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Àwọn onímọ̀ dán kòkòrò náà, Neochetina, wò lára oríṣiríṣi ohun ọ̀gbìn kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Koríko yìí ni oúnjẹ rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Benin, IITA bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní 1991. Ìwádìí tó jáde ní 2003 sọ pé nígbà tí koríko náà gbilẹ̀ jù, nǹkan bí 200,000 ènìyàn ń pàdánù mílíọ̀nù 84 dọ́là lọ́dún. Kòkòrò náà sì ń dá nǹkan bí mílíọ̀nù 30 padà.

Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí à ń dà sínú ọ̀sà ló ń bọ́ koríko náà. Màmá, kòkòrò kò ní jẹ ẹ̀gẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí àwa náà yé bọ́ ọ̀tá.