Oríta Ìdáṣà ní Ọ̀sán Gangan

Oòrùn ti dé àtàrí ní oríta Ìdáṣà, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Benin tí wọ́n kọ Dassa-Zoumé sára pátákó ojú títì. Ooru ń ti ara àwọn àpáta tó yí ìlú náà ká jáde. Bọ́ọ̀sì wa gbéra ní Kútọ̀nù láàárọ̀ kùtùkùtù, ó sì ti rin nǹkan bí 200 kìlómítà. Kó tó dúró tán, àwọn obìnrin ti yí i ká, ọjà lórí, ọmọ lẹ́yìn.

Ibí ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ọ̀kan gba Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Paràkú, títí dé Malanville létí odò Ọya. Èkejì gba Savalou lọ sí Djougou àti Natitingou. Ojú irin Kútọ̀nù sí Paràkú, 438 kìlómítà, gba ìlú yìí kọjá, ṣùgbọ́n kò kó èrò mọ́. Ọkọ̀ ojú títì ló kù fún arìnrìn-àjò, àwọn obìnrin oríta yìí ló sì ń bọ́ wọn.

Mo dúró, mo ń wo ọwọ́ wọn. Fún ọkọ̀ tó dorí kọ òkè, búrẹ́dì gígùn, omi tútù àti ọ̀pẹ òyìnbó Allada ni wọ́n ń nà sí fèrèsé. Fún èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí etí òkun, iṣu ni, ẹ̀pà ni, àti wàrà Fúlàní tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà pa láró pupa. Ẹrù tí wọ́n dì sórí ọkọ̀ ti sọ ibi tó ti ń bọ̀ fún wọn.

Mo kí ìyá kan tó ń ta gàrí: “Ẹ kú ọjà o, Ìyá.”

“Ọ̀ọ́, ọmọ mi. Ṣé Paràkú lò ń lọ ni, àbí Natitingou?”

“Natitingou ni, mà.”

“Má wulẹ̀ ra gàrí lọ́wọ́ mi. Savalou lo máa gbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ra omi, ọ̀nà ṣì jìn.”

Lẹ́yìn rẹ̀, oníbàárà kan ná ẹ̀pà ní èdè Fọ̀n, ẹlẹ́pà fi Yorùbá dáhùn, wọ́n sì fi Faransé ka ṣéńjì. Ní Yunifásítì Abomey-Calavi tí mo ti ń kàwé, Faransé nìkan ni olùkọ́ fi ń bá wa sọ̀rọ̀.

Awakọ̀ kan tẹ fèrè. Ọmọbìnrin kékeré kan sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà, ó ń na ọwọ́ sókè fún 200 sẹ́fà rẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ju ẹyọ owó náà sínú eruku, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Àwọn tó ń tajà níbí mọ ibi tí oúnjẹ ilẹ̀ yìí ti ń wá àti ibi tó ń lọ, wọ́n sì ń sọ òótọ́ fún àlejò, bí òótọ́ náà tilẹ̀ lè ba ọjà wọn jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kàwé ní Benin, tó sùn kọjá níbí, pàdánù ẹ̀kọ́ ńlá. Ẹ jẹ́ ká máa sọ̀kalẹ̀, ká kí wọn, ká béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, ká sì san owó ọjà wọn sí wọn lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra.